Àmì ọkọ̀ lára ògiri kò sọ ilé di ti iléeṣẹ́: ibi tí wọ́n ti lè pe oníṣẹ́ ọkọ̀ lẹ́jọ́ páténtì ní Amẹ́ríkà

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ StratosAudio gbé Volkswagen àti Hyundai lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Waco, ìpínlẹ̀ Texas. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé wọ́n ń lo ọgbọ́n kan nínú rédíò ọkọ̀ wọn tí òun ti gba páténtì lé lórí, wọn ò sì gbàṣẹ lọ́wọ́ òun. Kí ọ̀rọ̀ rédíò tó délẹ̀ rárá, àwọn lóyà iléeṣẹ́ méjèèjì ti dìde. Wọ́n ní Waco kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti pe àwọn lẹ́jọ́. Ìjà lórí ibi tí wọ́n á jókòó sí yìí nìkan gba ọdún kan àti oṣù mẹ́ta kó tó yanjú, ó sì dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Washington.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ á bi ara rẹ̀ pé kí ló wá le níbẹ̀. Ọkọ̀ Volkswagen kún títì Texas. Ibi ìtajà wà níbẹ̀ tí àmì V àti W ńlá ń tàn lára ògiri rẹ̀, àwọn tó wọ aṣọ Volkswagen ló sì ń tún ọkọ̀ ṣe lẹ́yìn ilé. Báwo ni iléeṣẹ́ náà á ṣe wá sọ pé òun ò sí níbẹ̀? Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn òfin sí i sì yàtọ̀ sí ohun tí ojú ń rí. Ó yẹ ká mọ̀ ọ́n, nítorí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà ní Houston, Dallas àti Atlanta ò kéré, ọ̀kan nínú wọn sì lè hùmọ̀ ohun tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ńlá á máa lò láì sanwó.

Páténtì ni ìwé tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ ohun tuntun, pé títí ogún ọdún á fi pé láti ọjọ́ tó ti kọ̀wé béèrè, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ ṣe nǹkan náà, lò ó, tà á tàbí kó o wọ̀lú láì gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti tẹ páténtì náà lójú. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ló ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀. Àmọ́ ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ náà pín sí ẹkùn 94. Texas nìkan ní mẹ́rin: Marshall àti Plano wà ní ẹkùn Ìlà-oòrùn, Waco àti Austin ní Ìwọ̀-oòrùn, Dallas ní Àríwá, Houston ní Gúúsù. Nínú ẹkùn 94 yìí, èwo lèèyàn lè gbé ẹjọ́ lọ?

Òfin tó dáhùn kò gùn ju gbólóhùn kan lọ. Abala 1400(b) ni, nínú ìwé 28 àkójọ òfin Amẹ́ríkà. Ó la ọ̀nà méjì. Èèyàn lè pe ẹjọ́ ní ẹkùn tí olùjẹ́jọ́ ń gbé. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè pè é ní ẹkùn tí olùjẹ́jọ́ ti tẹ páténtì lójú, tó sì tún ní ibi iṣẹ́ tó fìdí múlẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ déédéé. Nǹkan méjèèjì ló gbọdọ̀ pé lórí ọ̀nà kejì yìí. Ẹni tó ta ọkọ̀ sí ìlú kan ti ṣe ìdajì péré. Bí kò bá ní ibi iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀, ọ̀nà náà ti dí.

Kí wá ni ìtumọ̀ pé iléeṣẹ́ "ń gbé" níbì kan? Láti 1957 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ pé ibi tí iléeṣẹ́ ti forúkọ sílẹ̀ ni ilé rẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n ní 1990, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ń gbọ́ ẹjọ́ páténtì, tí wọ́n ń pè ní Federal Circuit, tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ débi pé ibikíbi tí iléeṣẹ́ bá ti ń tajà ló ń gbé. Ó wá di pé oníléeṣẹ́ ọkọ̀ ń gbé ní gbogbo Amẹ́ríkà, kí olùpẹjọ́ ṣáà mú èyí tó wù ú.

Èyí tó wù wọ́n ni Marshall, ìlú kékeré ní ìlà-oòrùn Texas tí àwọn ará ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 23,000 lọ. Ẹjọ́ ń yá níbẹ̀, àwọn ará ìlú tí wọ́n sì ń ṣà láti dá ẹjọ́ kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú onípáténtì. Nígbà tó fi máa di 2015, ẹkùn Ìlà-oòrùn Texas nìkan ń gba ju mẹ́rin lọ nínú gbogbo ẹjọ́ páténtì mẹ́wàá ní orílẹ̀-èdè náà. Samsung tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́ níbẹ̀ lemọ́lemọ́ náwó sí pápá yìnyín tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré lẹ́bàá ilé ẹjọ́ Marshall. Ẹkùn yìí náà ni iléeṣẹ́ Paice pe Toyota sí ní 2004 lórí ọgbọ́n ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná mànàmáná pọ̀. Toyota kò fi Texas ṣe ibùjókòó nígbà náà, California ló wà. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a lẹ́bi ní 2005, dọ́là 25 lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan; ní 2009 adájọ́ sọ owó tó gbọdọ̀ máa san lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìgbà náà lọ di dọ́là 98.

Ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2017 ni gbogbo rẹ̀ yí padà. Nínú ẹjọ́ TC Heartland àti Kraft, tí kò kan ọkọ̀ rárá, àwọn adájọ́ mẹ́jọ tó jókòó ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fẹnu kò pé ìtumọ̀ 1957 kò tíì kú: ìpínlẹ̀ tí iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà ti forúkọ sílẹ̀ nìkan ló ń gbé. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Federal Circuit fi kún un pé bí ìpínlẹ̀ náà bá ní ju ẹkùn kan lọ, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló lè jẹ́ ilé fún un. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ń forúkọ sílẹ̀ ní Delaware, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ rọ́ lọ. Ford àti General Motors, Delaware ni wọ́n ti forúkọ sílẹ̀. Àwọn ẹ̀ka Amẹ́ríkà ti BMW àti Mercedes-Benz náà, Delaware ni.

Ọ̀nà kìíní ti há. Gbogbo lóyà wá yíjú sí ọ̀nà kejì, ibi iṣẹ́ tó fìdí múlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti wá le. Ní oṣù Kẹsàn-án 2017, nínú ẹjọ́ iléeṣẹ́ Cray tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ńláńlá, Federal Circuit ní nǹkan mẹ́ta ló gbọdọ̀ wà: kí ó jẹ́ ibi gidi téèyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀ nínú ẹkùn náà, kí iṣẹ́ máa lọ déédéé níbẹ̀, kí ibẹ̀ sì jẹ́ ti olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀. Òṣìṣẹ́ Cray kan ń gbé ní ìlà-oòrùn Texas, ó ń ti ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ilé ẹjọ́ yẹ ilé yẹn wò dáadáa: Cray kò yá a, kò san owó ilé rẹ̀, kò fi í pamọ́ ẹrù, kò sì sọ pé dandan ni kí òṣìṣẹ́ náà máa gbé ibẹ̀. Ilé òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe ilé Cray. Ní oṣù Kejì 2020, nínú ẹjọ́ Google, wọ́n tún fi kún un pé ẹ̀rọ nìkan kò tó, èèyàn tó jẹ́ òṣìṣẹ́ olùjẹ́jọ́ tàbí aṣojú rẹ̀ gbọdọ̀ máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láàárín méjèèjì, ní 2019, ni Apple ti ṣọ́ọ̀bù méjì tó ní ní ẹkùn Ìlà-oòrùn Texas pa, tó sì ṣí òmíràn sí Dallas, lódìkejì ààlà ẹkùn.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ibi ìtajà Volkswagen tó ní àmì lára ògiri. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé kì í ṣe Volkswagen ló ni ín. Díílà ló ni ín, iléeṣẹ́ tó dá dúró, tó máa ń jẹ́ ti ọlọ́jà kan tàbí ẹbí kan ládùúgbò. Díílà á fowó ara rẹ̀ ra ọkọ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́, á wá tà á fún oníbàárà. Bí ẹni tó ń ta káàdì ìpè lábẹ́ agboòrùn yẹ́lò ní Ojúẹlẹ́gba ló rí: agboòrùn ń sọ orúkọ iléeṣẹ́ fóònù, ṣùgbọ́n ọjà àti owó, ti ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ ni. Ní Texas pàápàá, òfin ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Abala 2301.476 nínú òfin iṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà kò gbà kí olùṣe ọkọ̀ ní ibi ìtajà díílà, tàbí kó máa darí rẹ̀.

Àmọ́ àdéhùn àárín wọn kò tú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ ni yóò sọ irú àmì tí díílà máa gbé sókè, irinṣẹ́ tó gbọdọ̀ ní, owó tó gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí òwò má bàa dẹnu kọlẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà tó máa lò, ẹ̀kọ́ tí àwọn mẹkáníìkì rẹ̀ máa kọ́. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ nígbà tí ìlérí àtúnṣe ọ̀fẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀, díílà ló ń tún un ṣe, iléeṣẹ́ ló ń dá owó padà fún un. Ẹni tó bá ka gbogbo èyí, kò burú bó bá ní ẹrú iléeṣẹ́ ni díílà.

Àwọn adájọ́ fúnra wọn kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Ní oṣù Kejì 2018, adájọ́ kan ní San Diego sọ nínú ẹjọ́ West View Research àti BMW pé díílà kì í ṣe ibi iṣẹ́ BMW. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, Adájọ́ Rodney Gilstrap ní Marshall sọ òdìkejì rẹ̀ nínú ẹjọ́ Blitzsafe àti BMW: ó ní BMW ti gba ibi ìtajà díílà bíi tirẹ̀, torí náà kó wá jẹ́jọ́ níbẹ̀. BMW kan náà, irú ibi ìtajà kan náà, ìdáhùn méjì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ StratosAudio dé iwájú Adájọ́ Alan Albright ní Waco, ó tẹ̀ sọ́dọ̀ Gilstrap. Ó ní aṣojú Volkswagen àti Hyundai ni àwọn díílà wọ̀nyẹn.

Volkswagen àti Hyundai kò dúró kí ẹjọ́ parí kí wọ́n tó pe kòtẹ́milọ́rùn. Wọ́n bẹ Federal Circuit pé kó pàṣẹ fún adájọ́ náà lójú ẹsẹ̀, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹta 2022 ni ìdáhùn jáde, ó sì gbè wọ́n. Àwọn adájọ́ ní kí ẹnìkan tó lè jẹ́ aṣojú ẹlòmíràn, ẹni tó rán an gbọdọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti darí ọwọ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì gbọdọ̀ ti gbà pé ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ lórúkọ èkejì. Ìlànà tí iléeṣẹ́ là sílẹ̀ ṣáájú kò tó. Kí n sọ fún ọ pé kí ṣọ́ọ̀bù rẹ mọ́, kí mẹkáníìkì rẹ ti kàwé, ìyẹn yàtọ̀ sí kí n dúró lé ọ lórí láàárọ̀ kí n máa sọ ọkọ̀ tó o máa kọ́kọ́ tún ṣe àti bó o ṣe máa ṣe é. Nígbà tí díílà bá ń ta ọkọ̀, ọkọ̀ ara rẹ̀ ló ń tà. Àtúnṣe ọ̀fẹ́ ni ibi tí ọ̀rọ̀ StratosAudio ti lágbára jù lójú tèmi, torí owó iléeṣẹ́ ni díílà fi ń ṣe é. Ilé ẹjọ́ gbé ìyẹn náà yẹ̀ wò, ó ní kò sí ẹ̀rí pé Volkswagen tàbí Hyundai ń darí iṣẹ́ náà bó ṣe ń lọ. Ọrùn olùpẹjọ́ sì ni ẹ̀rí wà, kì í ṣe ọrùn iléeṣẹ́. Wọ́n ní kí Waco da ẹjọ́ náà nù tàbí kó gbé e lọ síbi tó yẹ.

Mo gbà pé ìdájọ́ yìí tọ́ lábẹ́ òfin. Ìpínlẹ̀ tó ti ka á léèwọ̀ pé kí iléeṣẹ́ darí díílà, kò bójú mu kí ilé ẹjọ́ inú rẹ̀ tún máa fi díílà yẹn mú iléeṣẹ́ bíi pé abẹ́ ìdarí rẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n kó má bàa di pé a kà á ju bó ṣe wà lọ: wọn kò sọ pé díílà kò lè jẹ́ aṣojú láéláé. Ẹni tó bá rí àdéhùn tó fún iléeṣẹ́ ní agbára tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lè tún gbìyànjú.

Díílà fúnra rẹ̀ ńkọ́? A lè pè é lẹ́jọ́ ní ẹkùn tirẹ̀, nítorí ẹni tó ta ohun tó tẹ páténtì lójú ti jẹ̀bi bí ẹni tó ṣe é. Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Ní 1903, nígbà tí àwọn tó ni páténtì George Selden lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fẹ́ mú Henry Ford, tó ń ṣe ọkọ̀ ní Detroit, New York ni wọ́n ti pe ẹjọ́ náà, wọ́n sì mú C. A. Duerr tó ń bá Ford ta ọkọ̀ níbẹ̀ mọ́ ọn. Orúkọ Duerr ló wà lórí ìdájọ́ títí dòní. Ford fìdí rẹmi ní 1909, ó sì borí ní kòtẹ́milọ́rùn ní 1911. Lónìí, ẹni tó bá pe díílà nìkan máa ń rí i pé ilé ẹjọ́ á dá ẹjọ́ náà dúró kí ti olùṣe ọkọ̀ lè kọ́kọ́ lọ, torí òun ló mọ bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ náà.

Ibo wá lèèyàn lè lọ láì bẹ̀rù? Volkswagen Group of America forúkọ sílẹ̀ ní New Jersey, Virginia ló sì fi ṣe ibùjókòó. Hyundai Motor America, California ni. Ford wà ní Dearborn, General Motors ní Detroit, ẹkùn Ìlà-oòrùn Michigan ni méjèèjì. Ilé ìṣe ọkọ̀ náà jẹ́ ibi iṣẹ́: General Motors ní èyí tó tóbi ní Arlington, èyí tó fi í sí ẹkùn Àríwá Texas. Toyota kó ibùjókòó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ sí Plano ní 2017, ọdún TC Heartland gan-an, Plano sì wà nínú ẹkùn Ìlà-oòrùn Texas. Tesla kò ní díílà rárá. Ibi tó ti ń fi ọkọ̀ hàn àti ibi tó ti ń tún un ṣe, tirẹ̀ ni, òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, torí náà ó nira fún un púpọ̀ láti sọ pé òun kò sí ní ẹkùn tí irú ibẹ̀ wà. Láti 2024, Texas náà ló ti forúkọ sílẹ̀, ó kúrò ní Delaware. Ohun tó gba ìṣọ́ra ni orúkọ tó wà lórí ìwé. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ kan lè yàtọ̀ sí èyí tó ń tà á, bí wọ́n tiẹ̀ jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, ilé ọ̀kan kì í sì í ṣàdédé di ilé èkejì.

Àwọn iléeṣẹ́ ìyá tó wà lókè òkun kò sí lábẹ́ ààbò yìí. BMW AG ní Munich, Hyundai Motor Company ní Seoul, Toyota Motor Corporation ní Japan: àwọn wọ̀nyí kò gbé ní Amẹ́ríkà, òfin sì gbà kí wọ́n pè wọ́n ní ẹkùnkẹ́kùn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ èyí ní 1972, Federal Circuit sì tún un sọ ní 2018 lẹ́yìn TC Heartland. Ó jọni lójú pé àlejò ló rọrùn láti mú ju onílé lọ, mi ò sì rò pé àwọn tó ṣòfin náà ní í lọ́kàn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ olùpẹjọ́ gbọdọ̀ fi hàn pé iléeṣẹ́ ìyá yẹn ní ìbáṣepọ̀ tó tó pẹ̀lú ìpínlẹ̀ náà.

Kódà bí ibi tí a pe ẹjọ́ bá bófin mu, adájọ́ lè gbé e lọ síbòmíràn bí ibẹ̀ bá rọrùn kedere jù. Iléeṣẹ́ Lear pe TS Tech sí Marshall lórí ìrọ̀rí tí orí èèyàn ń fara tì lórí àga ọkọ̀ Honda. Àwọn ẹlẹ́rìí àti ìwé ẹ̀rí wà ní Ohio, Michigan àti Kánádà, kò sí ọ̀kan ní Texas. Àwọn ẹlẹ́rìí ì bá máa rin nǹkan bí máìlì 900 lé sí i. Ní oṣù Kejìlá 2008, Federal Circuit ní kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ohio.

Ọ̀nà kan wà tó yẹ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹkùn yìí sílẹ̀: ITC ní Washington, àjọ ìjọba tó lè dá ọjà tó ń ti òkèèrè wọlé dúró bó bá tẹ páténtì lójú. Kò lè pàṣẹ owó ìtanràn fún onípáténtì, ṣùgbọ́n kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró ní èbúté ń ba olùṣe ọkọ̀ lẹ́rù gidigidi. Paice gbé Toyota lọ síbẹ̀ náà, wọ́n sì parí ìjà ní 2010. Jámánì tú sílẹ̀ ju Amẹ́ríkà lọ: ọkọ̀ tí wọ́n ń tà káàkiri orílẹ̀-èdè náà, onípáténtì lè mú lára àwọn ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlú Mannheim níbẹ̀ ni Nokia ti borí Daimler, tó ń ṣe Mercedes-Benz, ní oṣù Kẹjọ 2020. Ní ti ilé wa, páténtì Amẹ́ríkà kò ní agbára kankan l'Ékòó. Ẹni tó bá fẹ́ ààbò níbẹ̀ gbọdọ̀ gba ti Nàìjíríà, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ sì ni abala 251 ìwé òfin 1999 gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́.

Fún iléeṣẹ́ tí wọ́n pè síbi tí kò yẹ, kí ó tètè sọ̀rọ̀ ni. Èsì àkọ́kọ́ tó bá fún ilé ẹjọ́ ló gbọdọ̀ ti sọ pé ibẹ̀ kọ́; bó bá fi í sílẹ̀, ẹ̀tọ́ náà ti lọ, ẹjọ́ yóò sì jókòó síbi tó wà. Ohun tó ń ba olùhùmọ̀ kékeré lẹ́rù ní tirẹ̀ ni pé bóun bá lọ pe iléeṣẹ́ ọkọ̀ ní ìlú rẹ̀, ta ni yóò gbọ́ tòun? Robert Kearns lọ pe Ford síbẹ̀. Òun ló hùmọ̀ wáípà tó máa ń nu gíláàsì ọkọ̀, tó dúró díẹ̀, tó tún nù. Detroit, ìlú ọkọ̀, ló ti pe ẹjọ́ náà ní 1978. Ó gba ọdún méjìlá, Ford sì san mílíọ̀nù 10.2 dọ́là fún un ní 1990. Detroit náà ló ti bá Chrysler fà á, ó sì borí.